Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Sí Ìwé Náà!

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Òwe tí bàbá àgbà kan pa fún ọmọbìnrin kan nìyí, ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ Ajé kan láàárín oṣù kẹfà ọdún 2025, nígbà tí ẹkún kò jẹ́ kí ọmọ náà lè sọ̀rọ̀ já geere.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ni ọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ iléeṣẹ́ náà. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Olúyọ̀lé, ó pọ̀ n'Íkẹjà, ó pọ̀ l'Ọ́tà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di bisikíìtì sí páálí ni. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n gbé máníjà tuntun dé sí ẹ̀ka wọn, láti ọjọ́ náà ni ojú rere sì ti tán. Bí ó bá kí máníjà, máníjà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá pẹ́ dé, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló ń wọ ìwé.

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ ni. Àfi ìgbà tí ọmọ fa ìwé kan yọ nínú báàgì.

"Màámi, ẹ wò ó. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Wọ́n ti tẹ ìwé náà dáadáa. Ó ní òun, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú òun, fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí. Orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ọjọ́ ti wà níbẹ̀, àyè tí yóò fọwọ́ sí nìkan ló ṣófo. Máníjà sọ fún un pé bí ó bá fọwọ́ sí i ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, iléeṣẹ́ yóò fún un ní owó oṣù méjì. Bí kò bá fọwọ́ sí i, òun yóò lé e, òun yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé olè ni, nítorí páálí mẹ́rìnlá kan tí wọ́n ní ó di àwátì ní oṣù karùn-ún.

Ẹ kúkú mọ bí ọjà ṣe rí. Kí ó tó pẹ́, ìsọ̀ ti kún. Ìyá ní kí ó fọwọ́ sí i, kí ó gba owó oṣù méjì, kí ó wá jókòó ti òun, Ọlọ́run ò ní fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá onílééṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní kí wọ́n di ìrẹsì àti adìyẹ, kí wọ́n lọ bẹ ìyàwó máníjà nílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí ń bá wọn ru ẹrù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ dúró de máníjà ní géètì ní alẹ́ ọjọ́ kan péré. Ìfẹ́ ló ń sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò lè ba ọ̀ràn jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó gbé ìrẹsì lọ sílé máníjà ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ jẹ́wọ́. Ẹni tó dúró ní géètì, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò sùn, ẹni tó torí rẹ̀ jà ni yóò sì pàdánù iṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Èyí tí ìyá sọ gan-an ló burú jù, nítorí ìyá ló sọ ọ́.

Orí bá ọmọ náà ṣe é, Bàbá Akọ̀wé wà níbẹ̀, ó wá ra àńkárá ẹgbẹ́. Bàbá yìí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ aṣọ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ti rí máníjà tó pọ̀. Kò bèèrè ohun tí máníjà sọ. Ọjọ́ ló kọ́kọ́ bèèrè.

"Ọmọ mi, nu ojú ẹ. Ọjọ́ wo lo wọṣẹ́ níbẹ̀?"

"Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2020 ni, sà."

"Oyún ńkọ́? Ìgbà wo ni dókítà ní o máa bí?"

"Wọ́n ní ìparí oṣù kẹjọ, sà."

Bàbá fi ìka ka nǹkan, ó mi orí. "O ò wá rí i báyìí? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí o pé ọdún márùn-ún. Kí oṣù keje tó parí, o lè lọ sí ìsinmi ìbímọ. Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí kórìíra ẹ nìkan. Ó mọ ìṣirò."

Ìṣirò náà rèé. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974 tó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, ti sọ iye ọjọ́ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ṣe nótíìsì fún òṣìṣẹ́ kí ó tó dá a dúró. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan. Ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí di ìgbà tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún, oṣù kan gbáko. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan sókè, inú ìwé ni nótíìsì gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọ́n pariwo rẹ̀ láàárín ẹ̀rọ kì í ṣe nótíìsì. Ọ̀gá lè san owó ọjọ́ náà dípò kí òṣìṣẹ́ máa bọ̀ níbi iṣẹ́, òfin gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìwé tí wọ́n fi gba ènìyàn síṣẹ́ bá sì sọ ju èyí lọ, ti inú ìwé ni wọn yóò tẹ̀lé.

Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé kéékèèké ni òfin yìí wà fún: adìpáálí, wẹ́dà, dírẹ́bà, kápẹ́ńtà tó ń gba owó oṣù, ẹni tó ń rán aṣọ níléeṣẹ́. Máníjà fúnra rẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ní. Bóyá ìdí nìyẹn tí ara fi ń kan àwọn kan nínú wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ti oyún wá ni èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò mọ̀. Òfin kan náà sọ pé bí dókítà bá kọ ìwé pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí obìnrin bímọ, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi. Lẹ́yìn tó bá bímọ, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ láìdá iṣẹ́ dúró kó tó lọ, ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ ni wọn yóò máa san: ẹni tó ń gba 80,000 náírà lóṣù, kò gbọdọ̀ rí ohun tó dín ní 40,000. Bí ó bá padà dé, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òfin fún un láti fún ọmọ lọ́mú. Ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní ìsinmi náà, ọ̀gá kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró, kò sì gbọdọ̀ fún un ní èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò pé nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, bí máníjà kan bá fẹ́ kí aláboyún lọ, kí ó tó dé ẹnu ìsinmi ni yóò gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun ń lọ.

"Ka ìwé náà sókè," Bàbá Akọ̀wé wí. "Níbo ni owó oṣù méjì wà nínú rẹ̀?"

Ọmọ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Kò sí níbẹ̀.

"Ṣé o rí i? Ẹnu ni wọ́n fi ṣèlérí owó, ìwé ni wọ́n ní kí o fi ṣèlérí iṣẹ́ ẹ."

Ẹni tí wọ́n lé, ó ní ohun tó lè bèèrè. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ló fẹ́ bèèrè? Lóòótọ́, ènìyàn lè dé kóòtù kí ó ní wọ́n fi ipá mú òun ni. Ṣùgbọ́n yóò ní ẹlẹ́rìí, yóò ní ẹ̀rí, adájọ́ yóò sì máa wo ibi tó fọwọ́ sí pé kò sí ẹni tó fi ipá mú òun. Ó sàn kí wọ́n lé ènìyàn ju kí ó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bàbá, kí ni kí n wá sọ fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì? Ẹ̀rù wọn ń bà mí."

"Má sọ pé o ò fọwọ́ sí i, kí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe. Orí kunkun nìyẹn, ohun tó sì ń wá náà nìyẹn. Sọ pé: 'Ẹ ṣeun, sà. Mo ti kà á, ṣùgbọ́n mi ò ní in lọ́kàn láti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Mo ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́.' Kí o kúnlẹ̀ sọ ọ́ bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ẹ nílé. Kúnlẹ̀ ò ní kí o fọwọ́ sí i."

Ibi tí ìyá ti rò pé ọ̀rọ̀ parí ni Bàbá Akọ̀wé ti bèèrè ohun tó yí ojú ọmọ náà padà. Ó bèèrè bóyá wọ́n ti fún un ní kúẹ́rì rí. Ọmọ ní méjì ni. Bàbá bèèrè ibi tí èsì rẹ̀ wà. Ọmọ ní òun kò fèsì, ẹnu lòun fi ṣàlàyé.

Ó dun bàbá. Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ló wà lọ́rùn máníjà. Kúẹ́rì tí ènìyàn kò fèsì sí, bí ìgbà tí ó gbà pé òun jẹ̀bi ni. Fáìlì kì í gbọ́ ohun tí ẹnu sọ. Ohun tí wọ́n bá fi sínú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Máníjà tó ń gbèrò láti lé ènìyàn, fáìlì ló ń kọ́ bí ẹni ń kọ́lé, bíríkì kọ̀ọ̀kan ni kúẹ́rì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló rò pé àwọn fi ìgbéraga hàn nígbà tí wọ́n ká kúẹ́rì sápò. Bíríkì ni wọ́n bá wọn gbé.

Kúẹ́rì àkọ́kọ́ jẹ́ ti pípẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹta ní oṣù kẹrin. Ọjọ́ tí ọmọ lọ fún àyẹ̀wò oyún ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì sọ fún súpáfáísọ̀ rẹ̀ kó tó lọ. Káàdì ilé ìwòsàn wà nílé, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi hàn. Bàbá ní kí ó mú bébà wá, kí ó kọ ọ́ báyìí, kí àbúrò rẹ̀ tó wà ní Pólì wá fi èèbó tò ó:

"Mo rí ìwé yín gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́. Lóòótọ́ ni mo pẹ́ dé ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ kọ síbẹ̀. Ọjọ́ àyẹ̀wò oyún mi ni wọ́n, mo sì sọ fún súpáfáísọ̀ kí n tó lọ. Mo so ẹ̀dà káàdì ilé ìwòsàn mọ́ ìwé yìí. Láti ìsinsìnyí lọ, mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí n tó lọ."

Kò sí èébú níbẹ̀. Kò sí "Ọlọ́run ló máa dá a". Kò sí "ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ ń ṣe". Ó gba èyí tó jẹ́ òótọ́, ó sọ ìdí rẹ̀, ó fi ẹ̀rí tì í, ó dákẹ́.

Kúẹ́rì kejì le díẹ̀. Wọ́n ní ó fi àfojúdi bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Nígbà tí páálí mẹ́rìnlá kò sí mọ́, máníjà ní òun yóò yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ yìí dìde láàárín agbo, ó ní, "Òfin wo ló ní kí ẹ yọ owó wa? Ṣé àwa la jí i ni?" Gbogbo ẹ̀ka pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ yẹn ni máníjà kò tíì gbàgbé.

Ọmọ jàre, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá kò lè kàn dédé bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí kí ó sì yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìkíyèsára rẹ̀ fa àdánù, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọ́fíìsì Lébọ̀ kó tó yọ ohunkóhun, èyí tó bá sì mọ níwọ̀n ni. Máníjà yìí kò ní ìwé kankan.

"Òótọ́ lo sọ," Bàbá Akọ̀wé wí, "ṣùgbọ́n ojú agbo lo ti sọ ọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ẹ̀pọ̀n."

Àwọn obìnrin tó wà ní ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Bàbá ní nínú èsì kejì, kí ó tọrọ àforíjì fún ibi tó ti sọ̀rọ̀ àti bó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má tọrọ àforíjì fún ohun tó sọ. Kí ó kọ ọ́ pé òun bẹ̀bẹ̀ bí ohùn òun bá lọ sókè lọ́jọ́ náà, òun kò ní èrò láti rí ọ̀gá fín. Pé òun kò mọ ohunkóhun nípa páálí tó sọnù, àti pé òun fẹ́ kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi yọ owó náà han òun. Ẹni tó bá lè ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀ ti mọ ìdajì ohun tí lọ́yà mọ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ó ṣe. Ọ̀kan fún máníjà, ọ̀kan fún ọ́fíìsì HR, èyí tí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ṣì ń pè ní pásónẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó gba ìwé fọwọ́ sí i kí ó sì kọ ọjọ́ síbẹ̀, òun ni kí ó gbé relé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù tàbí ímeèlì, kí ọjọ́ àti wákàtí lè hàn.

Bàbá tún ní kí ó wá báàgì kan tí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́, kí ó kó gbogbo ìwé tó jẹ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó gbé e sílé ìyá rẹ̀. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ ni àkọ́kọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òfin ní kí ọ̀gá fún un ní ìwé tó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi àti iye ọjọ́ nótíìsì. Ọ̀pọ̀ ni kò ní in, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní kásúà láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó tọ́jú ìwé owó oṣù, káàdì ìdánimọ̀, àti áláàtì tí báńkì ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Áláàtì ọdún márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn, orúkọ iléeṣẹ́ lára rẹ̀, kò sí máníjà tó lè sọ níwájú adájọ́ pé òun ò mọ ẹni náà rí. Ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan ìwé iléeṣẹ́ o. Ẹni tó lọ ya fọ́tò ìwé ọjà ọ̀gá ní òru ti fún wọn ní ìdí tí wọ́n ń wá.

Ti WhatsApp kò gba àsọtúnsọ. Gúrúùpù tí òṣìṣẹ́ ogójì wà nínú rẹ̀, etí ọ̀gá ti wà níbẹ̀. Ohun tí ènìyàn kò bá lè tẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, kí ó má fi síbẹ̀.

Ọmọ yìí kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà fún òun. Nígbà tí wọ́n wo ìwé owó oṣù rẹ̀, owó ẹgbẹ́ ń lọ níbẹ̀ lóṣooṣù, sínú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ àti ohun mímu. Ó ti ń san owó fún agboòrùn, òjò sì ń pa á. Bàbá ní kí ó lọ rí aṣojú ẹgbẹ́ ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí ó gbé ìwé tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí dání.

Ìyá rẹ̀ wá bèèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: "Bàbá, bó bá ṣe gbogbo èyí, ṣé wọn ò ní lè lé e mọ́?"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò purọ́ fún un níbí. Bàbá Akọ̀wé kò purọ́. Ó ní wọ́n lè lé e.

Iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀, iṣẹ́ oníléeṣẹ́ yàtọ̀. Ní ọdún 1981, Kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Shitta-Bey, lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì láìtẹ̀lé òfin. Kóòtù ní kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1985, wọ́n dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún Olaniyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Òfin ìlú ló gbé iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn ró. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníléeṣẹ́, àdéhùn láàárín ẹni méjì ni. Ohun tí kóòtù máa ń sọ ni pé a kì í fi òṣìṣẹ́ tó fẹ́ dúró ti ọ̀gá tí kò fẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ọ̀gá bá fún un ní nótíìsì tó pé tàbí owó rẹ̀, ó lè jẹ́ kí ó máa lọ. Bí kò bá fún un, owó ọjọ́ nótíìsì náà ni adájọ́ sábà máa ń ní kí ó san. Bí ọ̀gá bá wá sọ ìdí, bí i pé olè ni, ó di dandan kí ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Láti ìgbà àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ìlú lọ́dún 2010, Kóòtù Òṣìṣẹ́, tó ní ẹ̀ka l'Ékòó, n'Ìbàdàn àti l'Ákùúrẹ́, tún lágbára láti yẹ ìwà ìrẹ́jẹ níbi iṣẹ́ wò. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bá mẹ̀kúnnù wá lọ́yà. Ọ́fíìsì Lébọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ìwé ò ní kí wọ́n má lé ẹ," Bàbá sọ fún ọmọ náà. "Ó kàn máa ń jẹ́ kí lílé ẹ wọ́n wọn lówó. Ọ̀gá tó rí i pé ó wọ́n, ó máa ń tún èrò rẹ̀ rò."

Ó tún yíjú sí ìyá. Ó ní ọ̀nà kan kò wọjà, kí wọ́n má dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá bọ́ kí ọmọ tó ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Kí ó wọ àjọ. Kí ó bèèrè iye tó wà nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, nítorí bí ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún bá pàdánù iṣẹ́, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí òmíràn, òfin ọdún 2014 gbà pé kí ó lè gba tó ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀. Ìyá ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà nílé tí kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ kò fọwọ́ sí ìwé náà. Ó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Máníjà ní yóò rí i. Lọ́sàn-án, òun àti aṣojú ẹgbẹ́ gbé èsì kúẹ́rì méjèèjì lọ sí HR, pẹ̀lú ìwé dókítà tó sọ ọjọ́ tí yóò bímọ. Ẹni tó gbà á níbẹ̀ ka gbogbo rẹ̀, ó wá bèèrè ẹni tó tẹ ìwé pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà rẹ̀, ó dá a padà fún un. Ọ̀rọ̀ olè kò jáde mọ́. Owó tí wọ́n yọ padà sínú owó oṣù tó tẹ̀ lé e, fún gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe pé máníjà wá di ọ̀rẹ́ o. Ó gbé e lọ sídìí ààrò, níbi tí ooru pọ̀ sí, títí dókítà fi kọ̀wé mìíràn. Ó pé ọdún márùn-ún ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje. Ní ìparí oṣù náà ó lọ sinmi, ó bí ọmọkùnrin, ìdajì owó rẹ̀ ń wọlé.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n tún gbé e wá lọ́nà mìíràn. Iléeṣẹ́ ní ọjà kò tà, àwọn fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, orúkọ ènìyàn mẹ́jọ jáde láti ẹ̀ka náà. Tirẹ̀ ni ìkẹta. Àwọn méjì tí máníjà fúnra rẹ̀ mú wọlé lẹ́yìn tó dé kò sí níbẹ̀. Ibí yìí ni báàgì tó wà nílé ìyá ti wúlò. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, òfin ní kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ṣe pọ̀ tó, àti pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òfin tún ní kí wọ́n wo ẹni tó mọṣẹ́ jù àti ẹni tó ṣeé gbára lé. Ohun tí máníjà dì mú nìyẹn: ó ní obìnrin yìí kò ṣeé gbára lé, kúẹ́rì méjì wà nínú fáìlì rẹ̀. Aṣojú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n ṣí fáìlì. Wọ́n ṣí i. Èsì méjèèjì wà lẹ́yìn kúẹ́rì méjèèjì, káàdì ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ HR wà lára rẹ̀.

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Àwọn méjì tó dé kẹ́yìn lọ, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí kò sí ẹni tó rí nǹkan sọ fún wọn.

Ní ìparí ọdún 2025, ó ṣì ń di bisikíìtì sí páálí. Lọ́jọ́ Sátidé ó ń rán aṣọ ọmọdé ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Máníjà kì í dá a lóhùn bí ó bá kí i. Àràárọ̀ ló sì ń kí i: "Ẹ káàárọ̀, sà," lóhùn tí súpáfáísọ̀ máa gbọ́.